Ọmọ Tí Kò Lè Jókòó Jẹ́ẹ́, àti Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Ń Ṣe É

Oṣù Kínní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ àkóso Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kínní ọdún 1956, Táí Ṣólàrín, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ nínú ìlú baba rẹ̀, níbi tí ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọwọ́ tí ń di kálàmù mú kò gbọdọ̀ tijú ọkọ́ àti àdá. Bí a bá ń ka àwọn ìlú tí ìwé ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, a kò ní í kà jìnnà kí a tó dárúkọ Ìkẹ́nnẹ́. Nítorí náà, bí ohun kan bá wà tí í mú kí ọmọ wà nínú kíláàsì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí ẹ̀kọ́ kò sì wọ̀ ọ́ létí, tí kì í ṣe pé ọmọ náà ya dìndìnrìn, tí kì í sì í ṣe pé àwọn òbí rẹ̀ kò bìkítà, ó yẹ kí ọ̀ràn náà ká àwọn ará ìlú yìí lára ju ará ibòmíràn lọ.

Ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, kò sì sí àdúgbò tí kò sí. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kí ó lọ mú iyọ̀ wá nínú ilé, yóò dáhùn kíákíá, yóò sáré dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí adìyẹ bá kọjá lásìkò náà, ó di pé ó gbá tẹ̀ lé adìyẹ. Láti ẹ̀yìn adìyẹ ni yóò ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù, láti ibẹ̀ yóò gun orí igi máńgòrò, nígbà tí ìyá yóò sì fi rí i, ọbẹ̀ ti jiná láìníyọ̀, ọmọ náà kò sì rántí mọ́ pé ẹnikẹ́ni rán òun níṣẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ìdí rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ bẹ́ńṣì. Bí a bá fi agbára mú un jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa jó lábẹ́ tábìlì. Tísà kò ní í tíì béèrè ọ̀rọ̀ tán tí yóò ti dáhùn, ìdáhùn náà a sì máa jẹ́ ti ìbéèrè mìíràn. Ó ti sọ pẹ́ńsù nù, ó ti sọ rọ́bà nù, ó ti sọ bàtà ẹsẹ̀ kan nù. Àwọn kan ní alágídí ni, àwọn kan ní ìpátá ni, àwọn tí ẹnu wọn kò sì ní èdìdì a máa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé ẹlẹ́gbẹ́ ni, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òde ọ̀run ni wọn kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ìyá ni ọ̀rọ̀ náà sì ń bà jù lọ, nítorí ọmọ tí ó bá dára ni gbogbo ayé ń pè ní ọmọ baba rẹ̀.

Ọmọ mìíràn tún wà tí a kì í sábà kà mọ́ ọn, tí ó sì máa ń jẹ́ obìnrin lọ́pọ̀ ìgbà. Jẹ́jẹ́ ni òun ń jókòó ní tirẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára pátákó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Bí a bá ní kí ó tún ohun tí tísà sọ sọ, a kàn máa wò sùn-ùn ni. Kò jà, kò fọ́ nǹkan, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ohun tí ń ṣe é, títí yóò fi di ìpele kẹfà, tí a óò wá rí i pé kò lè ka ojú-ewé kan dé ìsàlẹ̀.

Àwọn méjèèjì yìí, ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbẹ́jẹ̀ẹ́ àti ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í sí nílé, ohun kan náà ló lè máa ṣe wọ́n, èyí tí àwọn oníṣègùn ń fi lẹ́tà mẹ́rin pè ní ADHD. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àìgbọ́n, kì í sì í ṣe àìrí ẹ̀kọ́ ilé. Ọpọlọ ọmọ náà ni ó pẹ́ kí ó tó gbó ní apá ibi tí a fi ń kó ara ẹni níjàánu, tí a fi ń sọ fún ọkàn pé kí ó dúró lójú kan, tí a sì fi ń rántí ohun tí a rán ni títí a óò fi jẹ́ ẹ tán. A máa rìn nínú ẹbí. Bí ó bá ti ṣe baba tàbí ìyá, kì í ṣòro kí ó ṣe ọmọ. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù náà a máa bá a pàdé ju ọmọ tí ó pé oṣù lọ. Ṣúgà kọ́ ló ń fà á, èpè kọ́ ló ń fà á, àìnà ọmọ kọ́ ló sì ń fà á.

Àwọn kan a máa sọ pé àrùn òyìnbó ni, pé kò sí i láyé àwọn baba wa. Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé: ní ọdún 1798, Alexander Crichton, oníṣègùn ará Scotland, kọ̀wé nípa àwọn tí ọkàn wọn kì í lè dúró sórí nǹkan kan, ní ọdún 1902, George Still, oníṣègùn ọmọdé, dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tí kò lè kó ara wọn níjàánu bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí wọn pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ nǹkan sílẹ̀ kọ́ ni ó ni ín. Abiodun Adewuya àti Oluyomi Famuyiwa, oníṣègùn ọmọ Nàìjíríà, yẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 1,112 wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún méje sí méjìlá, ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007, mẹ́jọ ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 8.7 gan-an bí a bá fẹ́ ka ẹ̀ẹ́rún rẹ̀, ni ó ní ADHD, àwọn ọkùnrin sì tó ìlọ́po méjì àwọn obìnrin. Nínú kíláàsì ọlọ́mọ ogójì, ọmọ mẹ́ta ni èyí. Ohun tí ń ṣe ogójì ní í ṣe òjìlúgba. Ohun tí ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní í ṣe.

Láyé àwọn baba wa, ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbẹ́jẹ̀ẹ́ a máa tẹ̀ lé baba rẹ̀ lọ wo pàkúté kí ilẹ̀ tó mọ́, a máa sáré láàárín igi obì, a máa gun ọ̀pẹ, a máa lé ẹyẹ lóko, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó jókòó lójú kan fún wákàtí mẹ́fà kí ó máa wo pátákó. Kì í ṣe pé kò ní wàhálà tirẹ̀. Ọmọ tí ó fi iná sílẹ̀ tí oko fi jó kò ṣàìsí nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ló dá nǹkan yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ni ó tú u síta, nítorí ohun tí ó ṣòro fún ọmọ náà jù lọ gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi kò sọ pé nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí ni Ṣólàrín ṣe ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa roko. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ló mú un ṣe é. Ṣùgbọ́n bi tísà tí ó ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, yóò sọ fún ọ pé ọmọ tí ó ti pọnmi, tí ó ti gbálẹ̀ àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, ni ó ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti jókòó ka ìwé lẹ́yìn náà.

Kí ni a ń ṣe fún un? Pàṣán ni àkọ́kọ́. Wọ́n nà án nílé nítorí rípọ́òtù káàdì, wọ́n nà án ní kíláàsì nítorí ariwo, wọ́n sì tún san owó lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ kí ó lè tún jókòó fún wákàtí méjì sí i. Wọ́n bi amúkùn-ún pé èé ṣe tí ẹrù rẹ̀ fi wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Bí ẹgba bá lè mú ADHD kúrò lára ọmọ, kò ní í sí i lára ọmọ Yorùbá kankan mọ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Lẹ́yìn pàṣán, ó kan ilé wòlíì àti ọ̀dọ̀ ààfáà. Èmi kò ní í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Ta ni kì í gbàdúrà? Ṣùgbọ́n kí a fi ebi pa ọmọ ọlọ́dún méje fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a dè é mọ́lẹ̀, kí a máa pariwo mọ́ ọn létí pé kí ẹ̀mí burúkú jáde, ìyẹn kì í ṣe àdúrà, ìyà ni, ẹni tí ó bá sì jẹ́ kí a fi jẹ ọmọ òun ti ta ọmọ náà lọ́pọ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí ó tọ́ ni àyẹ̀wò, èyí sì ni ibi tí mo fẹ́ kí òbí fara balẹ̀ sí jù lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a lè gbà, kò sí fọ́tò orí tí a lè yà, tí yóò sọ pé ADHD ni ó ń ṣe ọmọ. Ẹ̀rí ni a fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ̀rí àwọn tí wọ́n ń rí ọmọ náà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní àkókò tí ó gùn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kò sì sí ibi tí òwe yìí ti wúlò tó ibí yìí. Dókítà tí ó bá wo ọmọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó sì ti dárúkọ àrùn kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tísà tí ó bá sọ pé òun ti mọ ohun tí ń ṣe é kò tíì gbọ́ tẹnu ìyá. Ìyá tí ó bá sì búra pé kò sí ohun tí ń ṣe ọmọ òun, kò tíì jókòó nínú kíláàsì rẹ̀ rí.

Nínú ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 2013, tí àwọn dókítà ibi gbogbo ń lò, àmì mẹ́sàn-án ni a kọ fún àìlèfọkànsí, mẹ́sàn-án ni a sì kọ fún àìgbẹ́jẹ̀ẹ́ àti ìkánjú. Ó kéré tán, ọmọ gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà nínú ọ̀kan tàbí nínú méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Àmì náà gbọ́dọ̀ ti yọ kí ó tó pé ọmọ ọdún méjìlá. Ó gbọ́dọ̀ hàn ní ibi méjì ó kéré tán, bí ilé àti ilé-ẹ̀kọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ń ṣe ìdíwọ́ fún ìgbé ayé rẹ̀ ní tòótọ́. Ọmọ tí ó jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni kò ti gbádùn, tí ara rẹ̀ balẹ̀ nílé, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, àti ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé-kéwú, ọ̀ràn kíláàsì náà ni kí a kọ́kọ́ wádìí, bóyá tísà kan ń fìyà jẹ ẹ́, tàbí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ.

Ilé ni ẹ̀rí ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá tàbí baba mú ìwé ìkọ̀wé kan, kí ó máa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ gan-an, kì í ṣe ìdájọ́ lé e lórí. Kí ó má kọ ọ́ pé “ó yájú lónìí”, kí ó kọ ọ́ pé “mo ní kí ó ṣe ìṣirò márùn-ún, ó ṣe méjì, ó dìde lọ mu omi, kò padà wá, mo bá a níbi tí ó ti ń tú rédíò.” Kí ó kọ ohun tí ó ń ṣe dáadáa náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ baba a máa sọ pé, “Ṣebí ó lè jókòó ti fóònù fún wákàtí méjì? Ìwé ni kò fẹ́ kà.” Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń yí padà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, tí ń tan iná, tí ń dún, tí ń fún ọmọ ní èrè lójú ẹsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń di ọkàn ọmọ náà mú. Iṣẹ́ tí ó gùn, tí èrè rẹ̀ wà ní ọjọ́ iwájú, ni ọkàn rẹ̀ kò lè dá dì mú. Nítorí náà, pé ó ń wo fóònù pẹ́ kò yọ ADHD kúrò.

Lẹ́yìn èyí, ó kan tísà. Ó ṣòro díẹ̀, nítorí nígbà tí òbí bá ti gbọ́ ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ títí tí ó ti sú u, ìjà ni ó ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó tó kí ìyá sọ pé, “Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ìjà kọ́ ni mo bá wá. Mo fẹ́ mú ọmọ yìí lọ rí dókítà, ẹ bá mi kọ ohun tí ẹ̀ ń rí lára rẹ̀ sílẹ̀.” Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sọ tísà tí í bínú di ẹni tí ń ran ọmọ lọ́wọ́. Ìwé ìbéèrè kan wà tí àwọn dókítà ń lò, tí a ń pè ní Vanderbilt, òun kan náà ni Adewuya àti Famuyiwa fi ṣe ìwádìí wọn. Èyí tí òbí ń dáhùn ní ìbéèrè márùndínlọ́gọ́ta, ti tísà sì ní mẹ́tàlélógójì. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ń dáhùn yóò sọ bóyá ọmọ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, tàbí ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí ó ń ṣe é léraléra, tàbí ìgbà gbogbo ni. Òbí tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè ní kí nọ́ọ̀sì ka ọ̀rọ̀ náà fún òun ní Yorùbá, kí ó sì fara balẹ̀ dáhùn. Kì í ṣe ìdánwò, kò sì sí ẹni tí ń gba máàkì níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi ADHD pe ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ yọ àwọn tí ń fara jọ ọ́ kúrò. Bí ọmọ kò bá dáhùn nígbà tí a pè é, ṣé etí rẹ̀ ń gbọ́? Etí tí ó ti ṣọyún fún ìgbà pípẹ́ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí kò bá lè dá ohun tí ó wà lójú pátákó kọ, ṣé ojú rẹ̀ ń ríran dé ibẹ̀? Bí ó bá ń ṣàdédé tẹjú mọ́ ibì kan, tí ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ṣẹ́, tí ó sì tún ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, irú warápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni í ṣe. Ọmọ tí ń hanrun lóru, tí kì í sùn dáadáa, a máa ṣe jáu-jàu lójú ọ̀sán ju bí àgbàlagbà tí kò sùn ti ń ṣe lọ. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ọmọ tí ibà líle gun orí rẹ̀ tí gìrì fi mú un ní kékeré, ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n gan-an nígbà tí a bí i, tí ó pẹ́ kí a tó tọ́jú rẹ̀, gbogbo wọn ni dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pàápàá, ẹ̀jẹ̀ lè má dé apá kan ọpọlọ wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, tí ìwé kò sì ní í wọ̀ wọ́n mọ́. Kí a má sì gbàgbé ìbànújẹ́: ọmọ tí baba àti ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, tàbí tí ẹnì kan ń hùwà ibi sí ní kọ̀rọ̀, kò ní í lè fọkàn sí ìwé.

Ọ̀kan tún wà tí ó jẹ́ tiwa gan-an. A ti sọ ìkánjú di àṣà: ọmọ ọdún mẹ́rin ni a ń tì sínú ìpele kìíní, a sì tún ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fò ó lọ sí ìkẹta, kí a lè máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa pé ọmọ wa yóò jáde ní Yunifásítì ní ọmọ ogún ọdún. Ní British Columbia, ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn olùwádìí rí i ní ọdún 2012 pé ọmọkùnrin tí a bí ní oṣù Kejìlá, tí ó jẹ́ àbúrò gbogbo kíláàsì, ni a fi ADHD pè ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí a bí ní oṣù Kínní lọ. Kìkì pé ó kéré ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ó sọ ọ́ di aláìsàn lójú wọn. Bí ìyàtọ̀ tí kò tó ọdún kan bá fa irú èyí, kí ni a ó sọ nípa ọmọ ọlọ́dún márùn-ún tí ó wà láàárín àwọn ọlọ́dún méje? Dá a padà sí ìpele tí ó tọ́ sí i kí o tó wá dókítà.

Ẹni tí ó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ kò ní í rìn jìnnà. Bí ó bá jáde ní ilé-ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, Ìlíṣàn wà nítòsí, níbi tí ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Babcock wà. Ṣágámù náà wà nítòsí, níbi tí ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí ń jẹ́ orúkọ Olóyè Olábísí Ọnàbánjọ, ti wà láti ọdún 1986. Dókítà ọmọdé ni kí ó kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n yẹ etí, ojú àti ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí dókítà ọpọlọ. Bí ọ̀ràn náà bá ta kókó, Abẹ́òkúta kò jìnnà sí Ṣágámù, Aro, ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, sì wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ó bá àwọn kan nínú bí mo ti dárúkọ Aro. “Wọn yóò ní mo gbé ọmọ mi lọ sí ilé wèrè.” Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ibẹ̀ ní kúkúrú. Lántòrò, ní Abẹ́òkúta kan náà, ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn alárùn ọpọlọ sí ní ọdún 1944, bí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ sì rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Ẹ̀gbá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní ọdún 1954, ó kọ̀ láti ti ènìyàn mọ́lé. Àárín àwọn àgbẹ̀ abúlé ìtòsí ni ó fi àwọn aláìsàn sí, ó ní kí ẹbí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e wá kí wọ́n máa dáná fún un, ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, gbogbo ayé sì wá wo bí ọmọ Yorùbá ti ń fi àṣà ilé wo àìsàn ọpọlọ. Lóde òní, ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní ẹ̀ka tiwọn ní Aro, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwòsàn Yábàá ní tiwọn ní Òṣòdì. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbódùn, ẹni tí ó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé lágbàáyé láti ọdún 2010 sí 2014, ti sọ ilé-ìwòsàn UCH àti Yunifásítì Ìbàdàn di ibi tí a ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn irú iṣẹ́ yìí fún gbogbo Áfíríkà. Ìlú tí ó ní irú àwọn èèyàn wọ̀nyí nítòsí kò yẹ kí ó fi ìtìjú pa ọmọ rẹ̀ lára.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, kí òbí gbé ìwé tí ó ń kọ dání, ìwé tísà, rípọ́òtù káàdì ọdún bíi méjì, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dókítà yóò béèrè bí oyún ti rí, bóyá ọmọ náà ké nígbà tí a bí i, ìgbà tí ó jókòó, tí ó rìn, tí ó sọ̀rọ̀. Kí ẹnu má yà yín bí ọmọ náà bá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níwájú dókítà bí ọmọlúàbí. Ibi tuntun, ojú àjèjì àti bí gbogbo àgbà ṣe ń wò ó ti tó láti mú un dákẹ́ fún ìdajì wákàtí, dókítà tí ó gbọ́n kò sì ní í tìtorí èyí sọ pé ẹ parọ́. Kí baba pẹ̀lú bá wọn lọ. Dókítà yóò yíjú sí i, yóò ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ńkọ́, báwo ni ẹ ṣe rí nígbà tí ẹ wà ní kékeré?” Ọ̀pọ̀ baba tí ó wá láti ṣe ẹlẹ́rìí lórí ọmọ ni ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹlẹ́rìí lórí ara wọn, tí wọ́n ń rántí ẹgba tí àwọn náà jẹ, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò parí.

Bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún mẹ́fà, àwọn oníṣègùn a máa ṣọ́ra gidigidi, nítorí kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta tí kì í sáré. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún, ohun tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé Amẹ́ríkà fi ṣe àkọ́kọ́ nínú ìlànà wọn ti ọdún 2019 ni kí a kọ́ àwọn òbí ní bí a ti ń darí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oògùn. Kí a máa rán an ní iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí a sì wo ojú rẹ̀ kí a tó rán an. Kí a yìn ín lójú ẹsẹ̀ bí ó bá parí rẹ̀, nítorí ìyìn ọ̀la kò dé etí rẹ̀. Kí oúnjẹ, ìwẹ̀ àti oorun ní àkókò tí kì í yẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀, kí ìbáwí yá, kí ó kúrú, kí ó sì tán síbẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra.

Fún ọmọ tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lè fi oògùn kún un. Ní ọdún 1937 ni Charles Bradley ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé oògùn tí ń ta ara jí ń mú kí irú àwọn ọmọ wọ̀nyí fara balẹ̀ kàwé. Methylphenidate, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1944, ni a mọ̀ jù lóde òní. Ó ń ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè dín oúnjẹ àti oorun kù, nítorí náà a ní láti máa wọn ọmọ náà, kí a máa wo ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ ni, ìwé dókítà ni a fi ń gbà á. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tà á nínú ọjà láìbéèrè ìwé, sá fún un.

Àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù a máa sọ pé bí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, gbogbo rẹ̀ ti parí. Òótọ́ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní tísà tí ó ń mójú tó àwọn ọmọ tí ó nílò ìrànwọ́ pàtàkì, òótọ́ sì ni pé ìjọba ló ń san owó àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè bi í léèrè bí ó ti pẹ́ tó tí a fi ń retí lẹ́tà ìpè fún àyẹ̀wò, nítorí ìlà ibẹ̀ gùn ju ọdún kan lọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe àyẹ̀wò ọmọ rẹ̀ ní Ṣágámù kí ó tó gbé e kọjá òkun, kí ó kó gbogbo ìwé náà dání.

Nílé níbí, òfin pàápàá kò gbàgbé irú àwọn ọmọ wọ̀nyí pátápátá. Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ sí abirùn léèwọ̀ di òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ní oṣù Kínní ọdún 2019, òfin ìlera ọpọlọ tuntun sì rọ́pò òfin wèrè ayé ìjọba amúnisìn ní oṣù Kínní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá ọmọ jókòó ní kíláàsì, tísà ni. Kí òbí bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ọmọ náà sí bẹ́ńṣì iwájú, kí ó jìnnà sí fèrèsé. Kí iṣẹ́ rẹ̀ wá ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀. Bí ìwé bá wà láti pín tàbí pátákó láti nù, òun ni kí a máa rán, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí ibi gbà. Ní òpin táàmù kọ̀ọ̀kan, kí tísà tún dáhùn ìwé ìbéèrè náà, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ọ̀nà tí a gbà ń ṣiṣẹ́. Oṣù Kẹsàn-án ni kíláàsì ń yí padà, tísà tuntun kò sì mọ ohunkóhun. Kí ìyá mú ẹ̀dà ìwé dókítà lọ bá a ní ọjọ́ kìíní, kí ó má dúró di ìgbà tí wọ́n bá na ọmọ náà.